“Ó Kù Díẹ̀”: Òótọ́ láàárín Aṣètò Kọ̀ǹpútà àti Oníbàárà Rẹ̀

Kò sí ẹni tí ó ti gbé aṣọ fún aránṣọ rí nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀ tí kò mọ gbólóhùn yìí: “Ó kù díẹ̀.” Aṣọ náà lè má tíì kúrò nínú ọ̀rá tí oníbàárà fi dì í wá, ó lè jẹ́ pé a kò tíì fi àlùmọ́gàjí kàn án rárá, síbẹ̀, ó kù díẹ̀. Káfíńtà ń sọ ọ́, bíríkìlà ń sọ ọ́, mẹkáníìkì náà ń sọ ọ́. Gbólóhùn náà ti mọ́ àwọn oníbàárà pàápàá lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jọ ìkíni lójú wọn ju ìròyìn lọ. Ẹni tí aránṣọ bá sọ fún pé, “Ẹ wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì,” mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ọjọ́ Àìkú ni òun yóò rí i gbà, bí orí bá sì ṣe é. Nítorí èyí ni àwọn kan fi máa ń wí pé irọ́ tí ẹni tí a pa á fún ti mọ̀ ní irọ́ kì í ṣe irọ́ mọ́. Wọ́n ní àṣà iṣẹ́ ni.

Bóyá àwíjàre yìí tọ̀nà fún aránṣọ tàbí kò tọ̀nà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Iṣẹ́ kan wà ní ayé òde òní tí gbólóhùn náà ti wọ̀ pẹ̀lú, tí kò sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín níbẹ̀. Iṣẹ́ náà ni ti àwọn tí ń ṣe ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sọ́fítíwìà. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣírò owó ní báńkì, òun ni ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn ní ilé ìwòsàn, òun náà ni ó ń gbé èsì ìdánwò jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ilé iṣẹ́ tí ó bá nílò rẹ̀ kì í sábàá ní ẹni tí ó lè ṣe é nínú ilé. Agbaṣẹ́ṣe ni ó ń wá. Wọn yóò dá iye owó, wọn yóò dá ọjọ́, wọn yóò sì tọwọ́ bọ̀wé. Láti Yábàá ní ìlú Èkó títí dé London àti New York, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí lónìí. Ní Nàìjíríà, láti ọdún 1993 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa forúkọ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, tí yóò sì máa mójú tó ìwà wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá dá ọjọ́ fún oníbàárà, tí ọjọ́ náà sì yẹ̀, ṣé irọ́ ni ó pa ni, àbí àṣìṣe ni ó ṣe? Níbo gan-an ni ààlà wà láàárín méjèèjì?

Ohun tí ó mú iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti aránṣọ ni ojú. Oníbàárà aránṣọ lè yọjú sí ìsọ̀ láìròtẹ́lẹ̀, kí ó rí i pé apá kan ṣoṣo ni wọ́n tíì rán. Ẹni tí ó ń kọ́lé lè dé ibẹ̀ kí ó ka búlọ́ọ̀kù. Ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà kò ní àwọ̀, kò sì ní ìwúwo. Ọ̀rọ̀ àti àmì lásán ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà, tí ó jẹ́ pé kìkì àwọn tí ó kọ́ èdè rẹ̀ ni ó lè kà á. Bí a bá ṣí i han oníbàárà, bí ìgbà tí a ṣí ìwé Lárúbáwá han ẹni tí kò kéwú rí ni. Èyí tí ó tún burú níbẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kí a kọ́kọ́ ṣe ojú rẹ̀, kí ó máa dán gbinrin, kí ibi tí a ó tẹ̀ àti ibi tí a ó kọ orúkọ sí gbogbo wà níbẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ òfìfo, bí ilé tí wọ́n ti kun iwájú rẹ̀ lọ́dà tí kò tíì ní òrùlé. Oníbàárà yóò wò ó, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò sì san owó ìpín kejì. Nítorí náà, ojú tí oníbàárà fi ń wo iṣẹ́ tí ó ń sanwó fún kò sí níbòmíràn ju ẹnu agbaṣẹ́ṣe lọ. Bí ẹnu yẹn bá purọ́, afọ́jú ni ó sọ ọ́ dà.

Ẹjọ́ kan wà tí ilé ẹjọ́ gíga ní London dá ní oṣù kìíní ọdún 2010 tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan ní Ìlú Ọba, BSkyB, ni ó pe ẹjọ́. Ní ọdún 2000, ilé iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tuntun fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ó wà ní Livingston àti Dunfermline ní ilẹ̀ Scotland, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ fóònù àwọn oníbàárà tí ó ní ẹ̀dùn ọkàn lórí owó sísan tàbí lórí àwòrán tí kò hàn. Àwọn agbaṣẹ́ṣe díje fún iṣẹ́ náà. EDS, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ó lórúkọ gan-an nígbà náà, ni ó mókè. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 48 owó pọ́ùn ni wọ́n dá lé iṣẹ́ náà, wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Lára ohun tí EDS sọ nígbà ìdíje ni pé láàárín oṣù mẹ́sàn-án, apá àkọ́kọ́ yóò ti máa ṣiṣẹ́, àti pé láàárín oṣù méjìdínlógún, gbogbo rẹ̀ yóò ti parí.

Oṣù mẹ́sàn-án pé, ohun tí a wí kò sí. Ní oṣù kẹta ọdún 2002, BSkyB gba àkóso iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ó sì ń bá a lọ fúnra rẹ̀. Ọdún 2006 ni ó tó parí. Iṣẹ́ tí wọ́n dá mílíọ̀nù 48 lé jẹ tó mílíọ̀nù 265.

Ẹjọ́ náà gbà ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ ní kóòtù, láti ọdún 2007 wọ 2008, ìdájọ́ tí Adájọ́ Vivian Ramsey kọ sì ju irinwó ojú ìwé lọ. Apá kan rẹ̀ pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá EDS tí ó léwájú nínú ìdíje náà wá jẹ́rìí, ó sì búra pé òun gboyè gíga nínú ìmọ̀ òwò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní erékùṣù St. John ní Káríbíánì. Ó ṣàlàyé bí òun ṣe máa ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí ibẹ̀ láti lọ gba ẹ̀kọ́. Ibùdókọ̀ òfurufú kò sí ní erékùṣù náà. Lọ́yà BSkyB lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sanwó, ó sì gba oyè kan náà láti ọwọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà fún ajá rẹ̀ tí ń jẹ́ Lulu. Máàkì tí wọ́n fún ajá náà ga ju ti ọ̀gá wa lọ. Ìtàn ajá yìí ni àwọn ìwé ìròyìn gbé kiri, kò sì sí ẹni tí ó lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣi ìdájọ́ náà lóye. Wọ́n rò pé ìwé ẹ̀rí ayédèrú ni ó dá EDS lẹ́bi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irọ́ orí oyè náà kàn jẹ́ kí adájọ́ mọ irú ẹnu tí ó ń sọ̀rọ̀ níwájú òun ni.

Ohun tí ó gba àfiyèsí ni bí adájọ́ ṣe pín ẹ̀sùn. BSkyB kó ẹ̀sùn ìtànjẹ jọ lóríṣiríṣi: ó ní EDS tan òun jẹ lórí iye owó, lórí iye òṣìṣẹ́ tí ó ní, lórí irú ẹ̀rọ àti ọgbọ́n iṣẹ́ tí ó fẹ́ lò, àti lórí àkókò. Lórí gbogbo àwọn tí ó kù, adájọ́ kò gbà pé ìtànjẹ ni. Àkókò nìkan ni ó mú wọn sí. Kí ni ó dé? Ṣebí iye owó náà yẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ṣe yẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé yíyẹ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá ka nǹkan bí ó ti yẹ, tí ó sì ṣìrò, àṣìṣe ni ó ṣe. Lórí àkókò, ohun tí EDS mú kí BSkyB gbà ni pé àwọn ti fara balẹ̀ ṣírò bí iṣẹ́ náà yóò ti pẹ́ tó, àti pé ìṣírò náà ni ó gbé oṣù mẹ́sàn-án jáde. Adájọ́ wádìí, kò rí ìṣírò kankan tí ó yẹ kí a pè ní ìṣírò. Ọ̀gá tí ó sọ ọ́ mọ̀ pé kò sí, tàbí kò bìkítà bóyá ó wà. Oníbàárà fẹ́ ọjọ́ tí ó súnmọ́, wọ́n sì fún un ní ọjọ́ tí ó súnmọ́.

Àdéhùn wọn ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ohun tí EDS yóò san kò ní ju mílíọ̀nù 30 pọ́ùn lọ. Òfin Ìlú Ọba kò sì jẹ́ kí ẹni tí ó tan ènìyàn jẹ sá sábẹ́ irú ìlà bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan péré lórí àkókò ni ó wó odi náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2010, wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà sí mílíọ̀nù 318 pọ́ùn. Ilé iṣẹ́ Hewlett-Packard, tí ó ti ra EDS ní ọdún 2008, ni ó sì bá a san án.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó bá ìdájọ́ yìí mu gẹ́lẹ́. A lè fojú bu nǹkan, a sì lè ka nǹkan. Ìyá tí ń ta gààrí lè fojú bù ú pé òṣùwọ̀n ogún ni ó wà nínú àpò, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀ bí ó bá jẹ́ ohun tí ó wí nìyẹn: “Mo fojú bù ú ni o.” Ẹni tí ó fẹ́ rà á mọ irú ọ̀rọ̀ tí òun gbà, ó lè dín owó, ó lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ìyá náà bá ní, “Mo ti wọ̀n ọ́n, ogún ni,” nígbà tí kò wọ̀n ọ́n, irọ́ ti wọ̀ ọ́, bí ó tilẹ̀ ṣe déédéé kí ó jẹ́ ogún ní tòótọ́ nígbà tí a bá wọ̀n ọ́n. Èyí ni ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gbà. Wọ́n rò pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ tí kò bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ mu. Bí EDS bá ti parí iṣẹ́ náà ní oṣù mẹ́sàn-án nípa orí ire, kò sí ẹni tí ì bá pè wọ́n lẹ́jọ́. Síbẹ̀, irọ́ náà ì bá wà níbẹ̀ bákan náà, nítorí pé irọ́ náà kò sí lórí oṣù mẹ́sàn-án. Orí “a ti kà á” ni ó wà.

Barry Hallen àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Olubi Sodipo, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Yunifásítì Ifẹ̀, ti ṣe iṣẹ́ kan lórí ọ̀rọ̀ tí ó fara jọ èyí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún 1986. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá àwọn oníṣègùn ní agbègbè Èkìtì lẹ́nu wò lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín mímọ̀ àti gbígbàgbọ́. Wọ́n rí i pé àwọn àgbà yìí kì í fi “mo mọ̀” ṣeré. Ohun tí ènìyàn bá fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó lè sọ pé òun mọ̀. Èyí tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó gbà á gbọ́ ni, bí ẹni tí ó sọ ọ́ ti wù kí ó ṣeé fọkàn tán tó. Bí a bá fi èyí wo agbaṣẹ́ṣe àti oníbàárà, a ó rí i pé oníbàárà kò lè ní ju ìgbàgbọ́ lọ. Kò rí iṣẹ́ náà, kò sì lè rí i. Ohun tí ó ń sanwó fún ni pé ẹlòmíràn ti bá òun rí i. Tí ó bá wá jẹ́ pé ẹni yẹn náà kò rí nǹkan kan, a jẹ́ pé ìgbàgbọ́ oníbàárà kò dúró lórí ìmọ̀ ẹnikẹ́ni rárá.

Àwọn tí wọ́n wà nídìí iṣẹ́ náà ní àwíjàre tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní bí agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta bá wá díje, tí méjì dá oṣù mẹ́sàn-án, tí ẹnì kẹta sì wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, a kò tíì lè mọ̀, ẹ fún wa ní oṣù méjì kí á fi wádìí rẹ̀, ẹ sì san owó ìwádìí náà,” ẹnì kẹta yìí ni yóò pa dà sílé lọ́wọ́ òfo. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Wọ́n tún ní oníbàárà fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́ àwọn nírọ́: ó ti ní ọjọ́ tí ó wù ú lọ́kàn kí ó tó pe ẹnikẹ́ni, ẹni tí ó bá sì dárúkọ ọjọ́ náà ni yóò gbé iṣẹ́ fún.

Òótọ́ wà nínú èyí. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ni kì í fẹ́ gbọ́ “a kò tíì mọ̀,” tí wọ́n sì ń ka ẹni tí ó sọ ọ́ sí ọ̀lẹ tàbí òpè. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á wo aláìsàn tí ó tọ oníṣègùn lọ. Òun náà ti ní ohun tí ó fẹ́ gbọ́ lọ́kàn. Ó lè bẹ̀bẹ̀ pàápàá pé, “Baba, ẹ sáà sọ fún mi pé yóò san.” Oníṣègùn tí ó mọṣẹ́ yóò ní, “Ẹ jẹ́ kí á wò ó ná.” Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ẹ̀bẹ̀ aláìsàn ni ó mú kí ayédèrú oníṣègùn tàn án jẹ. Ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ nítorí pé kò ní ìmọ̀. Ẹni tí ó ní ìmọ̀ ni ẹrù náà wà lọ́rùn rẹ̀. Pé ọjà irọ́ ń tà kò sọ irọ́ di ọjà tí oníbàárà béèrè. Ọjọ́ tí yóò ṣẹ ni ó béèrè, wọ́n sì ta ohun mìíràn fún un lábẹ́ orúkọ yẹn.

Ohun tí àwíjàre yẹn fi hàn ní tòótọ́ ni pé òtítọ́ lè ná ènìyàn ní oúnjẹ rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun kékeré fún ilé iṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tí ó ń retí owó oṣù. Kò yẹ kí ẹni tí ń kọ àwọn ọmọdé ní ìwà rere máa sọ fún wọn pé olóòótọ́ kì í pàdánù. Ó ń pàdánù. Iṣẹ́ náà a máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn nígbà púpọ̀, ẹlòmíràn yẹn a sì máa là nígbà mìíràn láìjẹ́ pé kóòtù kankan mú un.

Irọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni a ti ń sọ. Ti àárín iṣẹ́ wà tí ó ṣòro láti mọ̀ ju ìyẹn lọ, nítorí pé kì í sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó pa á. Nínú iṣẹ́ ńlá, ọmọ tí ó jókòó ti ẹ̀rọ yóò sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, “Ibi yìí kò tíì yé wa rárá.” Ọ̀gá yóò kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ìṣòro díẹ̀ wà. Ọ̀gá ti ọ̀gá yóò kọ ọ́ pé a ń yanjú ìṣòro náà. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, ó ti di “Ó kù díẹ̀.” Olúkúlùkù fi oyin díẹ̀ tọ́ ọ ni, kò sí ẹni tí ó rò pé òun purọ́. Bí a bá bi wọ́n, wọ́n lè fi òwe gbe ara wọn pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohùn ni òwe yẹn ń sọ, kì í ṣe iṣẹ́ tí a rán ni. Ẹni tí a rán pé ilé ń jó lè kúnlẹ̀ kí ó tó sọ ọ́, ó lè fi “ẹ pẹ̀lẹ́” ṣáájú; kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ kí ó sọ pé ooru mú díẹ̀ nínú ilé.

A tún ń rí ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí ó sì jẹ́ ìtànjẹ. Frederick Brooks, ẹni tí ó darí iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ńlá kan tí IBM ṣe ní ọdún 1960 sí i, kọ ìwé kan ní ọdún 1975 tí gbogbo aṣètò mọ̀. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé bí iṣẹ́ bá ti pẹ́ jù, kíkó ènìyàn kún un máa ń mú kí ó tún pẹ́ sí i ni, nítorí pé àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ni yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti kọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọ̀gá agbaṣẹ́ṣe tí ó ti ka ìwé yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí oníbàárà bá fara ya, ohun àkọ́kọ́ tí yóò sọ ni pé, “Ẹ fọkàn balẹ̀, a ti fi ènìyàn mẹ́wàá kún un.” Àwọn mẹ́wàá náà wà, ẹ lè kà wọ́n. Oníbàárà rò pé oko ni, níbi tí ọkọ́ mẹ́wàá ti ń yára ju márùn-ún lọ, agbaṣẹ́ṣe sì fi í sílẹ̀ nínú èrò náà, ó sì fi kún owó tí yóò gbà.

Ní ti àwọn tí ń gba owó ní wákàtí wákàtí, tí wọ́n ń kọ wákàtí mẹ́jọ fún iṣẹ́ wákàtí márùn-ún, kò gba àlàyé púpọ̀. Olè ni.

Ibi tí irọ́ àárín iṣẹ́ lè já sí, Ìlú Ọba náà ni ó tún ti fi han aráyé. Láti ọdún 1999 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba níbẹ̀ ti kó ètò kan tí ń jẹ́ Horizon wọ àwọn ẹ̀ka rẹ̀ gbogbo. Ilé iṣẹ́ ICL, tí ó di Fujitsu lẹ́yìn náà, ni agbaṣẹ́ṣe tí ó ṣe é. Bí ètò náà bá sọ pé owó dín nínú àpótí, ẹni tí ń ṣàkóso ẹ̀ka náà ni yóò fi owó ara rẹ̀ dí i. Àwọn kan ta ilé, àwọn kan jẹ gbèsè. Láàárín ọdún 1999 sí 2015, àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi olè tàbí ayédèrú ìṣírò lórí ẹ̀rí rẹ̀ ju 900 lọ, wọ́n sì rán àwọn kan lẹ́wọ̀n, nígbà tí ó jẹ́ pé àléébù wà nínú ètò náà tí ó lè mú kí owó dín lórí ìwé láìdín lọ́wọ́. Wọ́n sọ fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí pé kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ wọn láti òkèèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2019, ẹjọ́ tí àwọn 555 pè borí. Ní ọdún 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tí ó fagi lé ìdálẹ́bi ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà, Paul Patterson, ọ̀gá Fujitsu ní Yúróòpù, tọrọ àforíjì, ó sì gbà pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé àléébù wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Horizon ta kókó ju ti BSkyB lọ, nítorí pé oníbàárà níbẹ̀, ìyẹn ilé ìfìwéránṣẹ́, kì í ṣe ẹni tí a fi irọ́ bò lójú nìkan. Ó gbọ́ púpọ̀ nínú àléébù náà, kò sì fẹ́ gbọ́. Agbaṣẹ́ṣe àti oníbàárà wà pa pọ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ tí ó rọ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Ẹni tí ó jìyà kò sí nínú àdéhùn. Èyí ni ó yẹ kí ó mú àwọn tí ń sọ pé “ọ̀rọ̀ àárín èmi àti oníbàárà mi ni” dúró díẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà a máa jáde kúrò nínú ilé ẹni tí ó rà á. Ìyá arúgbó tí ń gba owó ìfẹ̀yìntì kò mọ agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe kò sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n “ó kù díẹ̀” kan tí wọ́n sọ ní yàrá ìpàdé lè kan ìyá náà lára.

Ó ku ọmọ tí ó jókòó ti ẹ̀rọ, tí kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Òun kọ́ ni ó dá ọjọ́, òun kọ́ ni ó ń kọ ìròyìn. Ọ̀gá rẹ̀ ni ó gbà á síṣẹ́, ọ̀wọ̀ sì wà. Àwọn kan yóò ní kí ó kọjá lórí ọ̀gá lọ bá oníbàárà. Ìyẹn yá lẹ́nu ju bí ó ti yá lọ́wọ́ lọ, kò sì dájú pé ó tọ́ nígbà gbogbo, nítorí pé ọ̀gá lè mọ ohun tí ọmọ kò mọ̀. Bí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ó kù, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin, tí ó kọ ọjọ́ tí ó kọ ọ́ àti bí ó ṣe kà á, ó ti ṣe é dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ ni àwọn lọ́yà ń tú jáde ní kóòtù lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ. Ìṣòro rẹ̀ di gidi lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe òun náà sí ìpàdé, tí oníbàárà fi ọ̀gá sílẹ̀ tí ó kọjú sí i pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ tí o ń ṣe é gan-an, ìgbà wo ni yóò parí?” Gbogbo yàrá dákẹ́. Ó ṣeé ṣe fún un láti dáhùn láìtú ọ̀gá rẹ̀ fó, láì sì purọ́ pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, n kò tíì kà á tán. Bí ọ̀gá mi bá fún mi ní ọjọ́ méjì, n ó kà á, wọn yóò sì mú un wá fún yín.” Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni inú rẹ̀ kò ní dùn sí ìdáhùn yìí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ méjì náà, wọ́n á ti kà á.